Àyẹ̀wò Microsoft Project: Ó mọ ìṣirò ju ẹni tó ń fojú bù fún un lọ

Ẹni tó bá ti du iṣẹ́ àgbàṣe lọ́wọ́ ìjọba tàbí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá rí yóò mọ̀ pé iye owó nìkan kọ́ ni wọ́n ń béèrè mọ́. Wọn yóò ní kí ó mú ètò iṣẹ́ wá pẹ̀lú: ìgbà tí ìpìlẹ̀ yóò parí, ìgbà tí wọn yóò da dẹ́kìn, ìgbà tí wọn yóò kan òrùlé, àti ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yóò bọ́ sọ́wọ́ onílé. Ìwé àdéhùn FIDIC (àjọ àgbáyé àwọn ẹnjiníà olùdámọ̀ràn) ti ọdún 1999, tí a sábà máa ń bá pàdé lórí iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ti òkè òkun wá, fún agbaṣẹ́ṣe ní ọjọ́ 28 péré láti gbé ètò yìí kalẹ̀, láti ìgbà tí ìwé pé kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Microsoft Project ni sọ́fítíwíà tí ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ṣe iṣẹ́ ilé kíkọ́ fi ń ṣe é, òun ni mo sì fẹ́ yẹ̀ wò níbí, pàápàá èyí tí a ń fi sórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kì í ṣe èyí tí a ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ pamọ́: mo ń lò ó, mo sì lè sọ fún ẹlòmíràn pé kí ó lò ó. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni ìṣirò, kò sì sí ẹni tó lè fi bírò àti ìwé bá a du ìyẹn. Ṣùgbọ́n ètò iṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣirò. Orí ìfojúbù ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn iye ọjọ́ tí a rò pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Níbi ìfojúbù yìí, Project kò ràn wá lọ́wọ́ tó bí àwòrán aláràbarà tó ń yà fún wa ṣe lè jẹ́ kí a rò.

Ìtàn ibi tí ẹ̀rọ yìí ti ṣẹ̀ wá ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi dáadáa. Àwòrán ọ̀pá gbọọrọ gbọọrọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Orúkọ Henry Gantt, ará Amẹ́ríkà, ni a fi ń pè é, nítorí pé ó lò ó ní àwọn ọdún 1910 sí 1919, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Karol Adamiecki ní ilẹ̀ Poland ti ya irú rẹ̀ ní 1896. Ohun tó mú ìyípadà gidi wá ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ilé-iṣẹ́ DuPont, pẹ̀lú Remington Rand, gbé ọ̀nà ìṣirò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní critical path, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà UNIVAC ṣe é. Ní 1958, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ohun ìjà Polaris gbé tiwọn jáde, wọ́n pè é ní PERT.

Àwọn ọ̀nà méjèèjì fẹ́ jọra, àfi níbi kan. DuPont ti kọ́ ilé-iṣẹ́ púpọ̀, wọ́n sì ti tún ẹ̀rọ inú wọn ṣe láìmọye ìgbà. Àkọsílẹ̀ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà wà lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, iye kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Polaris ní tiwọn ń ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà iye mẹ́ta ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ onímọ̀ kọ̀ọ̀kan: iye ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò gbà bí gbogbo nǹkan bá lọ geerege, iye tó ṣeé ṣe jù, àti iye tí yóò gbà bí nǹkan bá dàrú. Wọn yóò fi mẹ́rin sọ iye àárín di púpọ̀, wọn yóò ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọn yóò sì pín in sí mẹ́fà. Microsoft Project, tó kọ́kọ́ jáde fún DOS ní 1984 tí ti Windows sì tẹ̀lé e ní 1990, ọmọ DuPont ni nínú ìwà, bí a bá wo bí ó ṣe ń gba iye ọjọ́ lọ́wọ́ wa: àpótí kan, iye kan. Ìbéèrè tó yẹ kí agbaṣẹ́ṣe kọ̀ọ̀kan bi ara rẹ̀ ni bóyá àkọsílẹ̀ tirẹ̀ tó ti DuPont.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yìn ín níbi tí ìyìn ti tọ́ sí i. Síso iṣẹ́ kan mọ́ òmíràn ni ó mọ̀ jù. A óò sọ fún un pé ìbẹ̀rẹ̀ ògiri di ìgbà tí ìpìlẹ̀ bá parí, pé àwọn tó ń ṣe iná lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ògiri ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn bíríkìlà bá ti bẹ̀rẹ̀, pé kíkùn kò gbọdọ̀ parí kí fèrèsé tó wọlé. Lẹ́yìn náà, bí a bá yí ọjọ́ kan padà ní ìsàlẹ̀, gbogbo èyí tó rọ̀ mọ́ ọn yóò yí. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́: bí a bá fẹ́ fi ọjọ́ méje sílẹ̀ kí kọnkéré fi gbó kí a tó gbé ẹrù lé e, tí a bá kọ "7d", Project yóò fo Sátidé àti Sọ́ńdè nítorí pé kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́, tí a bá kọ "7ed", yóò ka ọjọ́ méje gbáko, torí pé kọnkéré kò mọ Sọ́ńdè. Ìyàtọ̀ lẹ́tà kan yẹn lè gba ọjọ́ méjì là lórí dẹ́kìn kọ̀ọ̀kan.

Critical path náà ńkọ́? Ìyẹn ni okùn iṣẹ́ tó so kọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, débi pé bí ọ̀kan nínú wọn bá fi ọjọ́ kan pẹ́, gbogbo ilé ti pẹ́ lọ́jọ́ kan nìyẹn. Project yóò kùn wọ́n ní pupa bí a bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, yóò sì sọ iye ọjọ́ tí àwọn iṣẹ́ yòókù fi lè fà sẹ́yìn láìpa ẹnikẹ́ni lára. Fún olórí iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń pè lẹ́ẹ̀kan náà, tí púlọ́ńbà ń béèrè páìpù, tí kápẹ́ńtà ń béèrè pálánkì, tí onílé sì ń béèrè ìdí tí wọn kò fi tíì kùn ẹnu ọ̀nà, mímọ ẹni tó yẹ kí a kọ́kọ́ dá lóhùn tó owó tí a fi ra sọ́fítíwíà náà.

Kàlẹ́ńdà rẹ̀ ń fẹ́ sùúrù. Bí a bá ṣí Project tuntun, ó gbà pé aago mẹ́jọ àárọ̀ ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, pé a ó sinmi láti aago méjìlá sí aago kan, pé a ó ṣíwọ́ ní aago márùn-ún, àti pé ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀sẹ̀. Kò sí ọjọ́ ìsinmi kan nínú rẹ̀. Àwa fúnra wa ni a óò fi Sátidé kún un, tí a óò yọ ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, Kérésìmesì, Iléyá àti Ìtúnu Àwẹ̀ kúrò, àwọn méjì ìkẹyìn yìí sì ń tẹ̀lé oṣù ojú ọ̀run, tí kò ṣeé dá mọ́ ọjọ́ kan pàtó kí àsìkò rẹ̀ tó súnmọ́. Ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ọdún ìbílẹ̀ tí kò jẹ́ kí ènìyàn rìn fàlàlà náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ òjò ló wúwo jù. Ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn wa, òjò ń pọ̀ jù ní oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án, ó sì ń dẹwọ́ díẹ̀ láàárín wọn ní oṣù kẹjọ. Project gbà wá láyè láti ṣe kàlẹ́ńdà ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ tí a ń ṣe ní gbangba, kí a dín ọjọ́ iṣẹ́ kù ní àwọn oṣù wọ̀nyẹn fún ìpìlẹ̀ gbígbẹ́ àti kọnkéré dídà, kí a sì fi kàlẹ́ńdà lásán sílẹ̀ fún iṣẹ́ inú ilé. Àwọn tí mo rí tó ń lò ó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ń fi kàlẹ́ńdà tó bá a wá sílẹ̀ bó ṣe wà, wọn á wá máa bú òjò.

Ní báyìí, mo dé orí ìfojúbù. Nígbà tí a bá kọ orúkọ iṣẹ́ kan sínú Project, tí a sì ti ní kí Project fúnra rẹ̀ máa ṣírò ọjọ́ rẹ̀ (Auto Scheduled), kí a tó sọ iye ọjọ́ náà, ó máa ń kọ "1 day?" sí i pẹ̀lú àmì ìbéèrè níwájú. Àmì yẹn túmọ̀ sí pé ìfojúbù ni, pé ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ sí i. Bí a bá ti tẹ iye kan sí i láìfi àmì náà sí i, àmì ìbéèrè á pòórá, láti ìgbà náà lọ ni "14 days" yóò ti dúró níbẹ̀ bí òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn sí. Ní tèmi, ohun tó bá òtítọ́ mu jù nínú gbogbo sọ́fítíwíà yìí ni àmì ìbéèrè yẹn, òun náà sì ni ohun tí gbogbo wa ń yára pa rẹ́ jù kí a tó tẹ ètò iṣẹ́ jáde fún oníbàárà. Kò sí òfin tó ní kí a pa á rẹ́. A lè kọ "14d?" fún gbogbo iṣẹ́ tí a kò ní àkọsílẹ̀ rẹ̀, a sì lè pàṣẹ kí Project kó gbogbo iṣẹ́ tó ní àmì ìbéèrè jọ fún wa lójú kan. Níbi tí wọ́n bá ti pọ̀ lórí critical path, ewu wà níbẹ̀.

Nígbà kan rí, Project ní ọ̀nà láti gba iye mẹ́ta bíi ti Polaris. Ó wà nínú rẹ̀ títí dé Project 2007. Nígbà tí Project 2010 jáde, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Mo ka ìyẹn sí àdánù, nítorí pé àwọn ohun tí wọ́n fi kún un lọ́dún yẹn, bíi àwòrán Timeline tó rọrùn láti fi han ọ̀gá, ń mú ètò iṣẹ́ dára lójú, ó sì ń jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé ibi tí iye inú rẹ̀ ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ padà ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Àwọn àpótí àfikún bíi Duration1, Duration2 àti Duration3 wà, a lè fi iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú wọn, kí a sì kọ ìlànà ìṣirò sí Duration4. Ṣùgbọ́n Project kò ní gbà kí Duration4 kọ iye rẹ̀ tààrà sínú àpótí iye ọjọ́ gangan. A óò ṣe àdàkọ rẹ̀, a óò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ fúnra wa, a óò sì tún un ṣe ní gbogbo ìgbà tí ìfojúbù bá yí padà.

Wàhálà náà ha tó èrè rẹ̀ bí? Ẹ wo ìpìlẹ̀ ilé alájà kan. Bí òjò kò bá rọ̀, tí yanrìn àti òkúta sì ti wà nílẹ̀, ọjọ́ 10 lè tó o. Iye tó ṣeé ṣe jù ni ọjọ́ 14. Bí omi bá yọ nínú ihò, tí a ní láti máa fi ẹ̀rọ fà á jáde kí a tó da kọnkéré, ó lè di ọjọ́ 30. Ẹni tó ń lo iye kan ṣoṣo yóò kọ 14. Ìṣirò iye mẹ́ta yóò mú 16 jáde, nítorí pé 10 àti 56 àti 30 jẹ́ 96, tí a bá sì pín in sí mẹ́fà, 16 ni. Ọjọ́ méjì péré ni ìyàtọ̀ lórí iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá tó mẹ́wàá lórí okùn pupa kan, ogún ọjọ́ nìyẹn. Ohun tó tilẹ̀ ṣe pàtàkì ju iye náà lọ ni ọ̀rọ̀ tó ń tẹnu àwọn òṣìṣẹ́ jáde nígbà tí a bá béèrè iye kẹta. Bi bíríkìlà pé ọjọ́ mélòó ni, yóò sọ iye tó rò pé o fẹ́ gbọ́. Bi í pé kí ló lè mú kí ó pẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka omi, ka ọ̀nà tí tipper kò lè gbà, ka aládùúgbò tó ń jà lórí ààlà. Kọ̀ǹpútà kò lè béèrè ìyẹn fún wa.

Ibì kan tún wà tí iye kan ṣoṣo ti ń ṣini lọ́nà, tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Ká ní mẹ́ta ni nǹkan tó gbọ́dọ̀ pé kí kápẹ́ńtà tó lè bẹ̀rẹ̀ òrùlé: ògiri ti parí, páànù ti dé, owó ìpín kejì ti wọlé. Ká sì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò níṣe pẹ̀lú èkejì, ó lè bọ́ sí àkókò, ó sì lè má bọ́ sí i, bákan náà ni méjèèjì ṣeé ṣe. Àǹfààní pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò bọ́ sí àkókò jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́jọ. Project yóò fi ọjọ́ kan hàn wá fún ìbẹ̀rẹ̀ òrùlé, kò sì ní sọ fún wa pé ọjọ́ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìṣirò Monte Carlo, tí kọ̀ǹpútà yóò fi ṣe ètò kan náà lẹ́ẹ̀gbẹ̀rún pẹ̀lú iye tó ń yí padà, ni ó ń tú irú àṣírí yìí, ṣùgbọ́n Project kò ní i nínú ara rẹ̀. A óò ra àfikún lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tàbí kí a fi Excel ṣe é.

Lórí òṣìṣẹ́, ìṣirò rẹ̀ mọ́ ju òtítọ́ lọ. Ó gbà pé iye iṣẹ́ dọ́gba pẹ̀lú iye ọjọ́ tí a fi iye ènìyàn sọ di púpọ̀. Bí a bá tan ohun tó ń pè ní effort-driven, tí a sì fi bíríkìlà méjì kún méjì, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá yóò di márùn-ún lójú ẹsẹ̀. Lórí ògiri gígùn tó ní ààyè, ó lè fẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Nínú ilé ìwẹ̀ kan tí wọ́n ń lẹ táìsì, ẹni mẹ́rin yóò kàn máa tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Láti ìgbà Project 2010, ọwọ́ wa ni títan án wà fún iṣẹ́ tuntun, ìmọ̀ràn mi sì ni pé kí a jẹ́ kí ó kú bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ tí ààyè rẹ̀ há.

Ti owó yàtọ̀. Níbẹ̀, ó yà mí lẹ́nu sí rere. Ohun èlò tàbí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní tábìlì iye owó márùn-ún, láti A dé E, tábìlì kọ̀ọ̀kan sì lè gba iye 25, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́lé níbi tí owó dúró sójú kan lè má rí ìlò rẹ̀. Àwa mọ ìlò rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ fi náírà sílẹ̀ fún ọjà, dọ́là kan tí kò tó 500 náírà lọ́jà ìjọba ti lé ní 1,500 kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, irin, táìsì àti wáyà sì gbéra tẹ̀lé e. Nínú tábìlì A, a lè kọ iye sìmẹ́ǹtì tòní àti iye tí a retí fún oṣù mẹ́ta sí i; nínú tábìlì B, iye tí yóò jẹ́ bí náírà bá tún já. Project yóò fi iye tó bá ọjọ́ mu ṣírò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni a óò sì rí i kedere pé bí ìpìlẹ̀ bá pẹ́ ní oṣù kan, kì í ṣe àkókò nìkan la pàdánù, sìmẹ́ǹtì ògiri náà ti bọ́ sí iye owó míràn. Àbùkù kan ni pé a ní láti yan tábìlì fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sí bọ́tìnnì kan tó lè gbé gbogbo rẹ̀ láti A sí B.

Baseline ni apá tí mo rò pé ó níye lórí jù fún ọjọ́ iwájú, òun sì ni ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe kì í lò. Ṣáájú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a lè ní kí Project fi ètò náà pamọ́ bó ṣe wà, ó sì lè pa irú rẹ̀ 11 mọ́. Bí iṣẹ́ bá ti ń lọ, tí a ń kọ ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ gan-an àti ọjọ́ tó parí gan-an, yóò fi ohun tí a sọ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún, a ti ní ohun tí DuPont ní: àkọsílẹ̀ iye ọjọ́ tí ìpìlẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ àwa gan-an, ní ilẹ̀ wa, pẹ̀lú àwọn bíríkìlà wa.

Ọ̀nà ìfojúbù kan tó lórúkọ báyìí dá lórí èyí. Daniel Kahneman àti Amos Tversky kọ̀wé ní 1979 pé ènìyàn máa ń fojú kéré iye àkókò tí iṣẹ́ tirẹ̀ yóò gbà, kódà bó bá mọ̀ pé irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pẹ́. Bent Flyvbjerg, ará Denmark, sọ èrò yìí di ìlànà tí ìjọba lè lò: má wo inú iṣẹ́ tìrẹ nìkan, wo bí àwọn irú rẹ̀ ṣe parí níbòmíràn, kí o sì fi ìyẹn tún ìfojúbù rẹ ṣe. Ní 2004, wọ́n lò ó lórí ọkọ̀ tíráámù ìlú Edinburgh ní Scotland. Ìfojúbù àkọ́kọ́ jẹ́ 320 mílíọ̀nù pọ́ùn. Ìlànà tuntun náà ní kí wọ́n kà á sí 400 mílíọ̀nù bí wọ́n bá fẹ́ ní ìdánilójú ìdá 80 nínú 100. Nígbà tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, 776 mílíọ̀nù ni wọ́n ti ná, ọ̀nà rẹ̀ sì ti kúrú ju èyí tí wọ́n ṣèlérí lọ. Ìlànà náà súnmọ́ òótọ́ ju ìfojúbù àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ kò dé ìdajì ọ̀nà.

Nílé níbí, ọkọ̀ ojú irin Blue Line Èkó, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2009 pẹ̀lú ìlérí pé yóò parí ní 2011, kò gbé èrò àkọ́kọ́ láti Marina dé Mile 2 títí di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìrìn kìlómítà 13. Ọ̀rọ̀ owó wà lára ohun tó fà á sẹ́yìn jù. Nínú ètò iṣẹ́ tí mo máa ń rí, owó tí oníbàárà yóò san kì í sí lára àwọn iṣẹ́ tí a so mọ́ ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni okùn tó ń já jù. Project kò dí wa lọ́wọ́: ẹ kọ "ìpín kejì wọlé" bí iṣẹ́ aláìlọ́jọ́, kí ẹ so òrùlé mọ́ ọn. Oníbàárà tó bá rí orúkọ ara rẹ̀ ní pupa lórí ìwé máa ń fetí sílẹ̀.

Ó ku àwọn àbùkù tí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Orí Windows nìkan ni Project ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní Mac kò ní ìpín níbẹ̀. Fóònù olórí iṣẹ́ kò lè ṣí fáìlì mpp, èyí tí Project ń fi ètò pamọ́ sí, àfi bó bá ní áàpù ẹlòmíràn, nítorí náà a óò sọ ọ́ di PDF, a óò sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ibẹ̀ náà ni fọ́tò àti ọjọ́ gidi yóò ti padà wá. Ní ti pé kò gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì, àǹfààní ni lójú mi, nítorí ẹni tí iná ti lọ lè máa bá iṣẹ́ lọ títí bátìrì yóò fi kú. Iye rẹ̀ ga: Standard lé ní 600 dọ́là, Professional lé ní 1,000. Bí a bá ka dọ́là kan sí 1,500 náírà, Standard nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan náírà tàbí kí ó kọjá bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń bá a díje, Primavera P6, tí Oracle rà ní 2008, ni àwọn agbaṣẹ́ṣe ńlá tó ń ṣe ojú ọ̀nà àti epo rọ̀bì ń lò; ó lágbára ju Project lọ lórí iṣẹ́ tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìpele, ó sì le kọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. ProjectLibre jẹ́ ọ̀fẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Mac àti Linux pẹ̀lú, ó sì ń ṣí fáìlì mpp, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò dán tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ sọ́fítíwíà ní Yàbá kò tilẹ̀ ń fi ọjọ́ fojú bù mọ́. Káàdì tí a kọ iye sí ni wọ́n ń jù, ìlànà tí James Grenning gbé kalẹ̀ ní 2002, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gbé iye tirẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà kí ọ̀rọ̀ ọ̀gá má bàa fa ti àwọn yòókù. Mo rò pé apá kejì yẹn wúlò lórí ilẹ̀ ìkọ́lé náà, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń dúró kí ẹnjiníà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́ ilé kan ṣoṣo lọ́dún kò nílò Project. Excel tàbí ProjectLibre tó o. Ẹni tó ní iṣẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn bíríkìlà kan náà sì ń lọ láti ibì kan sí ibòmíràn, yóò jèrè Standard. Kí ó má ra Professional àyàfi bó bá nílò àwòrán Team Planner tó ń fi òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan hàn lọ́tọ̀, tàbí bí ó bá fẹ́ so ó mọ́ sáfà (server) ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó náwó lé èyíkéyìí, kí ó fi ProjectLibre tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ṣe ètò ilé kan tó ti kọ́ parí, pẹ̀lú ọjọ́ gidi tí ìpele kọ̀ọ̀kan gbà. Bí kò bá rí ibi tí a kọ àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn sí nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ìwé dáyárì àti bírò fún olórí iṣẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ rà.